Mo Tú Mọ́tò Ìyàwó Mi, Mo sì Jẹ́ Kí Wọ́n Bú Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Tó bá ku ibì kan tí èébú mi kò dé, kí ẹ wá bá mi parí rẹ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ìránṣọ ni mò ń ṣe. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Tí aránṣọ kan bá pè mí lórí fóònù pé ẹ̀rọ òun ń já òwú, mo ti mọ ohun tó ń ṣe é kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìgbéraga mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ilé ìgbẹ̀bí kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì ni mọ́tò ilé wa. Mẹkáníìkì ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Ẹ̀sọ̀ ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí kò sí ohun tó lè mú un sáré. Bí iná bá ń jó níwájú Ẹ̀sọ̀, á kọ́kọ́ béèrè pé iná kí ni.

N kò kórìíra Ẹ̀sọ̀ o. Orin rẹ̀ tí ìyàwó mi ń kọ ló sú mi. "Ọwọ́ àbúrò mi yìí dáa." "Ẹ̀sọ̀ ní kí n má tíì ra táyà." "Tí Ẹ̀sọ̀ bá ti fọwọ́ kàn án, ó parí." Láàárọ̀, lálẹ́. Èmi náà sì rèé, tí mò ń jẹun nídìí ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó kọrin tèmi.

Ní àsìkò yìí, Ẹ̀sọ̀ wà nínú ìṣòro. Ẹni tó ni ilẹ̀ tó ń lò ti ní kó kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò kí oṣù tó parí, pé òun fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Ìyàwó mi bá mátírọ̀nì wọn sọ̀rọ̀, mátírọ̀nì sì gbà. Ẹ̀sọ̀ ni yóò máa tọ́jú ọkọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń gbé àwọn aláboyún, wọn yóò sì fún un láyè láti máa ṣiṣẹ́ nínú ọgbà wọn. Ó ku kí wọ́n kọ̀wé lé e lọ́wọ́. Mátírọ̀nì kò rí iṣẹ́ ọwọ́ Ẹ̀sọ̀ rí. Ẹnu ìyàwó mi ló gbà gbọ́.

Àsìkò yìí gan-an ni mọ́tò ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láàárọ̀. Tó bá dé ibi òkè, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ̀sọ̀ wá lọ́jọ́ Àìkú kan, ó dẹ etí sí i, ó ní:

"Kì í ṣe àìsàn ńlá, Àǹtí mi. Mánífóòlù tó fi ń fa atẹ́gùn sínú ló ti dí. Èéfín ti dì síbẹ̀. Mo máa tú u, mo máa fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ Jímọ̀."

Mo ní, "Fífọ̀ náà ni? Ṣebí èmi náà lè fọ̀ ọ́."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò ò ní abẹ́rẹ́ o."

Ẹ̀sọ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, Àǹtí mi. Wọ́n lè ṣe é tí wọ́n bá fara balẹ̀."

Ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ yẹn kò kúrò lára mi. Mo gbé e sùn, mo gbé e jí.

Ní Ọjọ́rú, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ló wá gbé ìyàwó mi, wọ́n ń lọ bẹ àwọn abiyamọ wò nílé wọn. Ó ní ó di ìrọ̀lẹ́ kí òun tó dé. Mọ́tò wà nínú ọgbà. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí fíríìjì, ó ń wò mí, èmi náà ń wò ó.

Mo ti rí ọkùnrin kan nínú fóònù. N kò gbọ́ èdè tó ń sọ, ṣùgbọ́n mo rí ọwọ́ rẹ̀. Ó tú mánífóòlù, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà, gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́tàlá lọ. Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹrin. Inú mi ní, "Kí ni eléyìí fi jù ọ́ lọ? Irun àgbọ̀n?"

Mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kí n má purọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dùn. Mo tú ẹnu bátìrì. Mo ya fọ́tò gbogbo rọ́bà kí n tó yọ wọ́n, mo sì to bóòtì sínú páànù bí mo ṣe ń tú wọn. Nígbà tí mánífóòlù jáde, mo yojú sínú rẹ̀. Ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ihò tó yẹ kí àtàǹpàkò mi wọ̀ kò gba ìka kékeré mọ́.

Ihò mẹ́rin ló wá ṣí sílẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì. Ọkùnrin inú fóònù di aṣọ sí wọn lẹ́nu kí èérí má bàa já wọlé. Èmi náà fa síńgílẹ́ẹ̀tì mi kan tó ti gbó ya sí mẹ́ta, mo fi dí ihò mẹ́ta. Ó ku ọ̀kan. Mo wọlé lọ mú aṣọ yẹ́lò kékeré tí mo fi máa ń nu ẹ̀rọ ìránṣọ, mo fi dí ìkẹrin.

Mo wá jókòó ti mánífóòlù. Mo fi ìdí ṣíbí ha á, mo da kẹrosíìnì sí i, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbo ó, mo fi omi ọṣẹ ṣan án. Èérí ń ṣí ní ìpele ìpele. Mò ń súfèé. Mo ti ń gbọ́ ohùn ìyàwó mi létí mi pé, "Háà, Bàbá wa, ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

Bí mo ṣe gbé e sínú oòrùn kó gbẹ, fóònù dún. Ìyàwó mi ni. "A ti parí o. A ti ń bọ̀ nílé."

Ìrọ̀lẹ́ tó wí ti di ọ̀sán. Mo sáré nu mánífóòlù, mo sáré yọ àkísà lẹ́nu ihò: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mo kó wọn jọ, síńgílẹ́ẹ̀tì mi pé odindi, èjìká rẹ̀ méjèèjì pé, ọrùn rẹ̀ pé. Mo ní, ó tán. Ẹ gbọ́ mi bí? Síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo kà, n kò ka ihò.

Mo dì í padà. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Mọ́tò wúkọ́ díẹ̀, ó jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí ẹni tí ibà dà bò. Mo ṣì ń wò ó ni ìyàwó mi ti gba géètì wọlé. Ó rí omi ọṣẹ dúdú nílẹ̀, ojú rẹ̀ là.

"Háà! Ẹ̀sọ̀ ti wá ni? Ó sì ní ọjọ́ Jímọ̀!"

Mo la ẹnu. Ohun tó yẹ kó jáde ni, "Rárá, èmi ni." Ohun tó jáde ni, "Hẹn."

Hẹn péré. Ọmọ ọwọ́ pàápàá máa ń ṣe hẹn.

"Kí ló dé tó ń gbọ̀n báyìí?"

Mo ní, "Ó ní á ṣì gbọ̀n díẹ̀. Pé tó bá ti rìn, á balẹ̀."

Irọ́ àkọ́kọ́ kò lẹ́sẹ̀, èmi ni mo fún un ní ẹsẹ̀ méjì. Mo wá pinnu lọ́kàn mi pé tó bá tibi iṣẹ́ dé lọ́la, màá tún un tú, màá wá ohun tó ń ṣe é, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀. Ẹ sọ fún mi, ta ló ṣèlérí ọ̀la fún mi?

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, ẹsẹ̀ ni ìyàwó mi fi rìn wọlé. Kò bọ́ bàtà. Ó jókòó sórí àga, ó gbé báàgì lé itan.

Ó ní mọ́tò kú mọ́ òun lẹ́nu géètì ilé ìgbẹ̀bí gẹ́lẹ́. Ọkọ̀ wọn sì ń jáde bọ̀ lọ́wọ́, wọ́n ń gbé aláboyún kan tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ẹsẹ̀ wáyé lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Mọ́tò òun dí ọ̀nà. Èèyàn mẹ́fà ló tì í kúrò. Obìnrin yẹn ń ké nínú ọkọ̀, mátírọ̀nì dúró, ó ń wo òun.

"Obìnrin náà ńkọ́?" ni mo wí.

"Ó bí i. Ọlọ́run ló yọ wá."

Ó ní òun pe Ẹ̀sọ̀, òun jágbe mọ́ ọn pé iṣẹ́ wo ló ṣe sára mọ́tò òun lánàá, òun sì já fóònù mọ́ ọn létí kó tó fèsì. Ó wá. Níwájú mátírọ̀nì àti gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti tú mánífóòlù, ó sì ti ìka bọ ihò kẹrin. Ó fa nǹkan jáde, ó ti dúdú, ó rẹ gbindin fún pẹtiróòlù.

"Àkísà!" ni ìyàwó mi wí, ó na ọwọ́ sí mi bí ẹni pé àkísà náà ṣì wà níbẹ̀. "Àkísà ló gbàgbé sẹ́nu ẹ́ńjìnnì mi! Mátírọ̀nì ní, 'Ẹni tó gbàgbé àkísà sínú mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣé òun la fẹ́ kó ọkọ̀ aláboyún lé lọ́wọ́?' Ẹnu mi ni mo fi yìn ín o, Bàbá wa. Ẹnu mi yìí."

"Kí lòun wá sọ?"

"Kí ló fẹ́ sọ? Ó wo àkísà náà títí, ó ká a sápò. Ó ní, 'Ẹ má bínú, Àǹtí mi. Wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni.' Wọ́n! Ó fẹ́ ti ẹ̀bi sọ́rùn àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀. Ìyẹn ló dùn mí jù."

Nínú yàrá yẹn, èmi nìkan ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ̀sọ̀ kò purọ́. Ó dárúkọ mi níwájú gbogbo ayé, ó sì fi ọ̀wọ̀ dárúkọ mi.

Mo ní, "Pẹ̀lẹ́." Ohun tí mo rí sọ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo lọ bá a ní ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń to sípánà sínú àpótí nítorí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi! Ó wọlé, ó mú nǹkan jáde nínú ọ̀rá. Aṣọ yẹ́lò mi ni. Ó ti fọ̀ ọ́ títí àwọ̀ rẹ̀ fi padà.

"Aṣọ yín rèé, Ẹ̀gbọ́n."

Ibí ló yẹ kí n ti sọ pé, "Dìde, jẹ́ ká lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ." Ṣùgbọ́n ojú tì mí, ìtìjú sì máa ń sọ àgbà di ọ̀lẹ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kólòlò. Mo ní, "Ẹ̀sọ̀, mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ ná. Inú ẹ̀gbọ́n rẹ ṣì gbóná. Tó bá yá, èmi fúnra mi á sọ ọ́ fún un."

Ó pa àpótí sípánà dé. "Kò burú, Ẹ̀gbọ́n. Mi ò ní sọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́."

Mo ki aṣọ náà bọ àpò, mo lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, n kò sọ ọ́. Ìyàwó mi kò gbé ìpè àbúrò rẹ̀ mọ́. Tí mo bá ní, "Dárí jì í," á ní, "Kó kọ́kọ́ gbà pé òun ló ṣe é ná." Lójoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ọ̀la ni, ọ̀la ni. Ọ̀sẹ̀ kejì wọlé.

Lọ́jọ́ Àìkú tó parí ọ̀sẹ̀ náà, ìyá wọn ránṣẹ́ pe gbogbo wa. Tíṣà àwọn ọmọ kékeré ni ìyá yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ojú rẹ̀ kò ríran jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ọdún ló fi gbọ́ irọ́ àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sí irú rẹ̀ tí etí rẹ̀ kò mọ̀.

A jókòó sí pálọ̀. Ẹ̀sọ̀ jókòó sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn. Ìyá ní kí ìyàwó mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Màámi, àkísà ló gbàgbé sínú mọ́tò mi. Ó dójú tì mí lójú ọ̀gá mi. Dípò kó tọrọ àforíjì, ó ní wọ́n gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni."

Ìyá yíjú sí Ẹ̀sọ̀. "Bẹ́ẹ̀ lo wí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"Wọ́n mélòó?"

Ẹ̀sọ̀ ń yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo ní, wọ́n mélòó? Ṣé ẹni méjì ló jọ gbàgbé àkísà kan ni?"

"Ẹnìkan ni, Màámi."

"Ọmọ iṣẹ́ rẹ ni?"

"Rárá, Màámi."

"Ẹnìkan ṣoṣo, o sì ń pè é ní wọ́n." Ìyá bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí aṣọ nù ún. "A jẹ́ pé ó jù ọ́ lọ. Ní ibi iṣẹ́ rẹ, ta ló jù ọ́ lọ?"

"Kò sí, Màámi."

"Ta wá ni wọ́n?"

Mò ń wo ẹsẹ̀ tábìlì. Mo mọ̀ pé tí mo bá sọ̀rọ̀ nísinsìnyí, ó ṣì máa jọ pé èmi ni mo sọ ọ́. N kò sọ̀rọ̀.

Ìyàwó mi ló sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ. "Ní Ọjọ́rú yẹn, mi ò rí Ẹ̀sọ̀. Omi ọṣẹ ni mo rí nílẹ̀. Èmi ni mo ní Ẹ̀sọ̀ ló wá."

Ó yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀. Ọdún méjìdínlógún tí a ti fẹ́ra, "ẹ" ni ó máa ń pè mí, nígbà ìfẹ́ àti nígbà ìjà.

"Ìwọ ni?"

"Èmi ni," ni mo wí.

Ó bo ojú. Kò bá mi jà. Ó dìde, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ ní ẹ̀bá ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó dì í lọ́wọ́ mú. Ẹ̀sọ̀ ń sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ dìde, ẹ dìde, kò tó bẹ́ẹ̀." Èmi jókòó síbi tí mo wà, n kò mọ ibi tí mo lè gbé ọwọ́ mi sí.

Ìyá gbé gíláàsì wọ̀. "Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́, àna mi," ó ní. "Ì bá dáa jù ká ní ẹ ò jẹ́ kí n béèrè."

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ bá mátírọ̀nì. N kò jókòó sórí àga tó fún mi. Mo rò fún un láti orí síńgílẹ́ẹ̀tì títí dé orí "wọ́n". Ó gbọ́ mi tán, ó mí kanlẹ̀.

"Mo bi ọmọkùnrin yẹn lẹ́ẹ̀mejì, ṣé ìwọ lo ṣe é? Ilẹ̀ ló ń wò." Ó ṣí fáìlì kan, ó tún pa á dé. "A ti kọ̀wé fún ẹlòmíràn, sà. Ọdún méjì ni. Ọjọ́rú tó kọjá la fọwọ́ sí i."

Ọjọ́rú tó kọjá. Ìyẹn ni pé ọjọ́ mẹ́tàlá gbáko ni àyè náà fi ṣí sílẹ̀ tó ń dúró de ẹnu mi. Ká ní mo ti sọ ọ́ ní Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, tàbí ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo ki aṣọ bọ àpò, Ẹ̀sọ̀ ì bá ti wà nínú ọgbà yẹn lónìí.

Mo lọ jíṣẹ́ fún un. Irinṣẹ́ rẹ̀ ti wà nínú àpótí, ilẹ̀ ti mọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀sọ̀, kí ló dé? Kí ló dé tí o kò sọ ọ́ lójú gbogbo wọn pé èmi ni?"

Ó ronú sí i, bí ìṣe rẹ̀.

"Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ kó tó dalẹ́ ni, Ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Mo ń dúró dè yín."

Iwájú ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Mọ́tò kan ṣoṣo ló lè gba ibẹ̀, tí òjò bá sì rọ̀, a jọ ń gbá omi ni. Ó ń kí mi láràárọ̀ bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀. Àwọn èèyàn ní kí n dúpẹ́ pé kò bínú. Ẹni tó bá ti ṣe irú èyí rí á mọ̀ pé ó sàn kí ó bínú.

N kò ní wàásù fún yín. Ẹ lè fọ mánífóòlù yín nílé tó bá wù yín, kò ṣòro, kí ẹ ṣáà ka ihò. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ṣe àṣìṣe tí ẹnìkan sì fi ọ̀wọ̀ bò yín láṣìírí, ẹ má sùn mọ́ abẹ́ aṣọ náà. Ara ẹni tó fi bò yín ni òtútù ń mú.

Láàárọ̀ yìí, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí yín. Ó ní kí n ka ohun tí mo ti kọ. Mo ka ìlà àkọ́kọ́ sí i létí: "Wọ́n gbàgbé àkísà kan sínú mọ́tò ìyàwó mi."

Ó na ọwọ́, mo fún un ní bírò. Ó fa ìlà la àárín ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ó kọ "Mo" sí orí rẹ̀, ó dá bírò padà fún mi, ó sì gbé báàgì rẹ̀, ó lọ sẹ́nu iṣẹ́.